Konstantin Tsiolkovsky: Olùkọ́ tí etí rẹ̀ kò gbọ́ràn, tó ṣètò ìlú tí ọmọ aráyé yóò tẹ̀ dó lójú ọ̀run

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ti gbọ́ lórí rédíò pé àwọn ìjọba ńlá àtàwọn olówó ayé ń múra láti kó ènìyàn lọ sí pílánẹ́ẹ̀tì Máàsì, kí wọ́n lọ kọ́lé síbẹ̀, kí wọ́n sì máa gbé ibẹ̀. Àwọn kan ń fi ọ̀rọ̀ náà rẹ́rìn-ín, àwọn mìíràn sì gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe tòní, kì í sì í ṣe ọ̀dọ̀ olówó ló ti ṣẹ̀ wá. Olùkọ́ ìṣirò kan ní ìlú kékeré kan ní ilẹ̀ Rọ́ṣíà, tí etí rẹ̀ kò gbọ́ràn, tí owó oṣù rẹ̀ kò tó bọ́ ìyàwó àtọmọ, ló ti jókòó ti ọ̀rọ̀ yìí láti nǹkan bí ogóje ọdún sẹ́yìn. Konstantin Tsiolkovsky ni orúkọ rẹ̀.

Àgbà tó bá mọ ìtàn ìlú rẹ̀ mọ̀ pé kí ènìyàn dé ilẹ̀ tuntun kọ́ ni iṣẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ tẹ ìlú dó ní láti rí omi mu, kó rí oko dá, kó mọ ibi tí yóò máa da ìdọ̀tí sí, kí òun àtàwọn tí wọ́n jọ débẹ̀ má sì di ọ̀tá ara wọn kí ọdún tó yí po. Bí wọ́n bá kùnà nínú ọ̀kan, ibẹ̀ yóò di ahoro. Ohun tí Tsiolkovsky rí nìyí, nígbà tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń lálàá àtifò kò tíì ronú kọjá bí wọn yóò ṣe gbéra nílẹ̀. Púpọ̀ nínú ohun tó rí ló tọ̀nà. Ibi tó ti ṣìnà ni ọ̀rọ̀ irú ènìyàn tó yẹ kó wà nínú ìlú náà, ìgbésí ayé òun fúnra rẹ̀ ló sì ta ko ohun tó sọ.

Ibà tó gba etí lọ́wọ́ ọmọdé

Ọjọ́ 17, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1857 ni wọ́n bí Konstantin ní abúlé Izhevskoye, ní agbègbè Ryazan. Baba rẹ̀, Eduard, tí ìdílé rẹ̀ ṣẹ̀ wá láti Pólàndì, jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó igbó. Maria ni orúkọ ìyá rẹ̀. Ilé náà kún fún ọmọ, owó kò sì pọ̀ níbẹ̀.

Nígbà tí ọmọ náà wà ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá, ibà líle kan tó máa ń mú kí ara pọ́n kọ lù ú. Ó yè é, ṣùgbọ́n ibà náà gba etí lọ́wọ́ rẹ̀. Láti ìgbà náà, díẹ̀díẹ̀ ló ń gbọ́ràn. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ kò bá a ṣeré mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀, kò sì gbọ́ ohun tí olùkọ́ ń sọ ní kíláàsì. Ìyá rẹ̀ nìkan ló ń fi sùúrù bá a lò, òun náà ló sì kọ́ ọ ní ìwé kíkà. Ní ọdún 1870, ìyá náà kú. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni Konstantin nígbà náà. Kò pẹ́ púpọ̀ sí i tó fi kúrò nílé ẹ̀kọ́, kò sì padà síbẹ̀ mọ́.

Bàbá rẹ̀ rí i pé ọmọ náà ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ẹ̀rọ kéékèèké, ó sì ń dá ka ìwé ìṣirò fúnra rẹ̀. Ní 1873, ó fi í ránṣẹ́ sí Moscow, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Kò sí ilé ẹ̀kọ́ gíga tó gbà á wọlé níbẹ̀. Yàrá ìkàwé ìlú ló di yunifásítì rẹ̀. Níbẹ̀ ló ti pàdé Nikolai Fyodorov, ọlọ́gbọ́n kan tó ń ṣiṣẹ́ ní ibi ìkàwé náà, tó máa ń wá ìwé fún un, tó sì ń ràn án lọ́wọ́. Ọdún mẹ́ta ni Konstantin fi kọ́ ara rẹ̀ ní ìṣirò, ẹ̀kọ́ nípa àwọn ìràwọ̀ àti ẹ̀kọ́ nípa kẹ́míkà.

Owó táṣẹ́rẹ́ tí bàbá rẹ̀ ń fi ránṣẹ́, ìwé àti kẹ́míkà ló fi ń rà. Búrẹ́dì dúdú àti omi ni oúnjẹ rẹ̀. Nígbà tí ìròyìn bí ó ṣe rù tó dé etí bàbá rẹ̀, wọ́n pè é padà sílé ní 1876.

Olùkọ́ ní Borovsk àti Kaluga

Ní 1879, ó jókòó ṣe ìdánwò olùkọ́ láìlọ sí ilé ẹ̀kọ́ olùkọ́, ó sì yege. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n rán an lọ sí ìlú Borovsk láti máa kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò. Ibẹ̀ ló ti fẹ́ Varvara, ọmọ onílé tó fi í wọ̀. Ọmọ méje ni wọ́n bí.

Ìyà tó ń jẹ ẹni tó dá wà láìsí ọ̀mọ̀wé mìíràn nítòsí jẹ Tsiolkovsky gan-an. Ní ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ ní Borovsk, ó kọ ìwé kan lórí ìwà gáàsì, ó sì fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ àwọn ọ̀mọ̀wé ní St. Petersburg. Wọ́n kọ̀wé padà sí i pé ohun tó rí tọ̀nà, àmọ́ àwọn mìíràn ti ṣàwárí rẹ̀ ní ohun tó lé ní ogún ọdún ṣáájú. Kò sí ìwé ìròyìn ìmọ̀ tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ tí ì bá fi mọ̀. Síbẹ̀, àwọn ọ̀mọ̀wé náà rí i pé orí rẹ̀ pé, wọ́n sì gbà á sí ẹgbẹ́ wọn.

Ní 1887, iná jó ilé tó ń gbé ní Borovsk, ìwé àti ẹ̀rọ tó ti ṣe sì bá a lọ. Ní 1892, wọ́n gbé e lọ sí Kaluga, ìlú kan ní etí odò Oka, ní gúúsù ìwọ̀ oòrùn Moscow. Ibẹ̀ ló gbé títí ó fi kú. Ó kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, ó sì kọ́ àwọn ọmọbìnrin ilé ẹ̀kọ́ ìjọ ní ẹ̀kọ́ físíìsì. Ó fi páànù ṣe ohun kan bí àrọ, èyí tó máa ń kì bọ etí kó lè gbọ́ ohun tí ọmọ iléèwé ń sọ. Bí iṣẹ́ bá parí, yóò gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ sínú igbó, tàbí kó wọ yàrá tó ti ń ṣe ẹ̀rọ. Àwọn ará àdúgbò kà á sí aláṣejù tí ọpọlọ rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ pé.

Ìṣirò tó la ọ̀nà

Ẹni tó bá jókòó sínú ọkọ̀ kékeré lórí odò, tó sì ju òkúta ńlá sẹ́yìn tagbáratagbára, yóò rí i pé ọkọ̀ náà sún síwájú. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni rọ́kẹ́ẹ̀tì ṣe ń rìn. Ó ń tu gáàsì gbígbóná sẹ́yìn, òun fúnra rẹ̀ sì ń lọ síwájú. Kò nílò afẹ́fẹ́ tí yóò tì, èyí ló fi lè rìn níbi tí kò ti sí afẹ́fẹ́ rárá.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé epo wúwo. Rọ́kẹ́ẹ̀tì tó bá fẹ́ sáré sí i gbọ́dọ̀ gbé epo sí i, epo náà yóò sì tún di ẹrù tí ó ní láti gbé. Tsiolkovsky ló ṣe ìṣirò tó fi bí gbogbo rẹ̀ ṣe so mọ́ra hàn: bí gáàsì bá ṣe yára jáde tó, àti bí epo bá ṣe pọ̀ tó sí ara ọkọ̀ fúnra rẹ̀, ni eré rọ́kẹ́ẹ̀tì yóò ṣe pọ̀ tó. Ó fi hàn pé kí ọkọ̀ tó lè máa yí ayé po láìjábọ̀, ó ní láti sá eré tó tó kìlómítà 8 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ó tún sọ irú epo tó yẹ, ìyẹn ọ́síjìn àti háídrójìn tí wọ́n ti sọ di olómi.

Ọdún 1903 ni ìwé ìròyìn kan tẹ iṣẹ́ náà jáde. Ìwé ìròyìn yìí dákẹ́ láìpẹ́, àwọn tó ka iṣẹ́ náà kò sì tó nǹkan. Ìgbà tí apá kejì rẹ̀ jáde ní 1911 àti 1912 ni àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ní 1929, ó tún ṣàlàyé bí wọ́n ṣe lè so rọ́kẹ́ẹ̀tì mọ́ra wọn, kí èyí tí epo rẹ̀ bá tán já bọ́, kí ìyókù sì máa lọ ní fífúyẹ́, bí arìnrìn-àjò tó ń ju kèrègbè omi tó ti ṣófo nù lọ́nà. Títí ó fi kú, kò fi ọwọ́ ara rẹ̀ yin rọ́kẹ́ẹ̀tì kan lọ sókè. Robert Goddard ní Amẹ́ríkà ló kọ́kọ́ yin èyí tó ń lo epo olómi, ní oṣù Kẹta, ọdún 1926. Ìwé àti lẹ́ẹ̀dì ni irinṣẹ́ Tsiolkovsky.

Kí ni wọn yóò mí, kí ni wọn yóò jẹ?

Bí ó ti jẹ́ pé ìṣirò yẹn ló sọ ọ́ di olókìkí, kì í ṣe òun ló gba àkókò rẹ̀ jù. Láti 1883, nínú ìwé kan tó kọ sílẹ̀ lórí bí ayé yóò ṣe rí fún ẹni tó bá wà níbi tí ohunkóhun kò ti wúwo, ó ti ń béèrè bí ènìyàn yóò ṣe dìde, bí yóò ṣe rìn, bí yóò ṣe dúró ṣinṣin. Ìwé ìtàn kan tó bẹ̀rẹ̀ ní 1896, tó sì jáde lódindi ní Kaluga ní 1920, ló ti tú gbogbo èrò rẹ̀ sílẹ̀. Nínú ìtàn náà, àwọn onímọ̀ láti orílẹ̀-èdè ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kóra jọ sí ilé ńlá kan lórí òkè Himalaya, wọ́n kan ọkọ̀ rọ́kẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì lọ. Ọdún 2017 ni ó fi ìtàn náà sí.

Afẹ́fẹ́ ni ìṣòro àkọ́kọ́. Kò sí ẹni tó lè kó afẹ́fẹ́ tí yóò mí fún gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ dání. Tsiolkovsky sọ pé kí wọ́n kọ́ ilé onígíláàsì tó gùn, kí oòrùn máa tàn sí i, kí wọ́n sì gbin nǹkan sínú rẹ̀. Ohun tí ènìyàn bá mí síta, ewéko yóò gbà á. Ọ́síjìn tí ewéko bá tú sílẹ̀, ènìyàn yóò mí i. Ìgbọ̀nsẹ̀ àti ìtọ̀ yóò di ajílẹ̀, omi tó bá lọ sínú afẹ́fẹ́ láti ara ewé yóò sì di omi mímu padà. Àgbẹ̀ tó ń da ìgbẹ́ adìẹ sí oko ìlá mọ ohun tó ń sọ. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ní oko ti ayé, bí ọ̀kan bá bàjẹ́, òjò àti afẹ́fẹ́ gbogbo ayé wà láti tún un ṣe. Nínú ilé onígíláàsì lójú ọ̀run, kò sí olùrànlọ́wọ́. Bí ewéko bá kú, ènìyàn yóò bá a kú.

Ó ronú lórí ilẹ̀kùn pẹ̀lú. Ó ní ilé náà gbọ́dọ̀ ní yàrá kékeré tó ní ilẹ̀kùn méjì, kí ẹni tó bá ń jáde ti ti inú kó tó ṣí ti ìta, kí afẹ́fẹ́ ilé má baà tú dànù. Ẹni tó bá jáde yóò wọ aṣọ tó bo gbogbo ara, wọn yóò sì fi okùn so ó mọ́ ọkọ̀. Bákan náà ló sọ pé kí ilé náà máa yí bíi kẹ̀kẹ́, kí yíyí náà lè mú kí ara ènìyàn wúwo díẹ̀, bí omi kò ṣe ń dà nínú korobá tí ọmọdé ń fì yípo. Ní 1926, ó kọ ètò kan tó ní ìpele 16, láti orí ọkọ̀ òfuurufú lásán títí dé ìgbà tí ọmọ aráyé yóò kún ojú ọ̀run, tí wọn yóò sì máa wa ohun àlùmọ́ọ́nì nínú àwọn àpáta tó ń yí oòrùn po.

Ìbànújẹ́ inú ilé

Bí ọkùnrin yìí ṣe ń to ilé àwọn tí a kò tíì bí, ilé tirẹ̀ ń wó. Ọmọ rẹ̀ kan, Leonty, kú ní kékeré ní 1893. Ní 1902, àkọ́bí rẹ̀ ọkùnrin, Ignaty, tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ní Moscow, gbẹ̀mí ara rẹ̀. Ní 1908, odò Oka kún bo ilé rẹ̀, ó sì ba ọ̀pọ̀ ìwé tó ti kọ jẹ́. Ní 1911, àwọn ọlọ́pàá ọba mú ọmọ rẹ̀ obìnrin, Lyubov, nítorí ó wà lára àwọn tó ń ta ko ìjọba. Ivan kú ní 1919, Anna kú ní 1922, Alexander náà gbẹ̀mí ara rẹ̀ ní 1923. Nínú ọmọ méje, Lyubov àti Maria nìkan ló gbẹ̀yìn bàbá wọn. Varvara ló ń rán aṣọ, tó ń wá oúnjẹ, tó sì ń pa ẹkún ọmọ mọ́ra, nígbà tí ọkọ rẹ̀ ń ná owó sórí ẹ̀rọ àti ìwé títẹ̀.

Lẹ́yìn tí àwọn Bolshevik gbàjọba ní 1917, ebi mú gbogbo Rọ́ṣíà. Ní 1919, àwọn ọlọ́pàá inú wá mú Tsiolkovsky fúnra rẹ̀, wọ́n sì tì í mọ́lé ní Moscow fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kí wọ́n tó rí i pé kò jẹ̀bi ohunkóhun. Ní oṣù Kọkànlá, ọdún 1921, ìjọba kan náà fún un ní owó ìfẹ̀yìntì títí ọjọ́ ikú rẹ̀. Ẹni ọdún 64 ni nígbà náà. Ìgbà náà ló tó bọ́ lọ́wọ́ ìrònú ohun tí wọn yóò jẹ lọ́la.

Ta ló yẹ kó lọ?

Ní 1916, láàárín ogun àti ìṣẹ́, ó tẹ ìwé kékeré kan jáde lórí ìyà tó ń jẹ àwọn ọlọ́pọlọ pípé láàárín àwùjọ. Ẹ̀dùn ọkàn òun fúnra rẹ̀ ló wà nínú rẹ̀. Ó wò ó pé ọ̀pọ̀ ẹni tí ì bá ṣe ohun ńlá fún ayé ló ń kú sínú òṣì láìsí ẹni tó mọ̀ wọ́n. Ohun tó dá lábàá ni pé kí àwọn ènìyàn máa gbé pọ̀ ní agbo agbo, kí agbo kọ̀ọ̀kan máa dìbò yan àwọn tó dára jù lọ nínú wọn, kí àwọn wọ̀nyí sì máa lọ gbé nínú agbo tó ga jù. Títí dé ibẹ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ lè yé ènìyàn.

Ṣùgbọ́n kò dúró síbẹ̀. Nínú àwọn ìwé tó kọ nígbà ogbó rẹ̀, ó ní kí ayé máa ṣa ènìyàn bí àgbẹ̀ ṣe ń ṣa irúgbìn. Ó fẹ́ kí wọ́n dá ìbímọ àwọn tó kà sí aláìlera dúró, kí ìran wọn lè tán láìsí ariwo, kí ìyà má baà sí ní ayé mọ́. Àwọn ẹni pípé nìkan ni yóò gba ojú ọ̀run. Kò fi ibínú kọ ọ́, àánú ló pè é. Òun nìkan kọ́ ló sì ń ronú bẹ́ẹ̀ nígbà náà. Àwọn ọ̀mọ̀wé ní Amẹ́ríkà, Gẹ̀ẹ́sì àti Jámánì ń sọ irú rẹ̀. Ní 1933, nígbà tí Tsiolkovsky ṣì wà láàyè, ìjọba Hitler ní Jámánì ṣe òfin tó fi tipátipá sọ ọ̀pọ̀ ènìyàn di ẹni tí kò lè bímọ mọ́. Àwọn tí wọ́n bí ní adití wà lára wọn.

Ohun tó yani lẹ́nu ni pé ẹni tó ń kọ nǹkan wọ̀nyí kì bá tí wà lára àwọn tí wọ́n máa ṣà. Ọmọ tí etí rẹ̀ ti di, tí kò parí ilé ẹ̀kọ́, tó rù hangogo ní Moscow, tí àwọn aládùúgbò rẹ̀ ń fi ṣe yẹ̀yẹ́: agbo wo ni ì bá dìbò yàn án? Òun fúnra rẹ̀ mọ̀ pé etí dídi yìí ló lé òun sínú ìwé, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà tó ń sọ ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ìka kò dọ́gba. Ọwọ́ tí gbogbo ìka rẹ̀ bá sì dọ́gba, àtidi nǹkan mú yóò nira fún un. Ìlú tó bá jẹ́ pé ẹni pípé nìkan ló ń gbà, kò ní mọ irú olùkọ́ tó lé kúrò ní ẹnu ibodè rẹ̀.

Ikú àti ohun tó kẹ́yìn rẹ̀

Òkìkí dé nígbà tó ti darúgbó. Ní 1923, ìwé Hermann Oberth lórí rọ́kẹ́ẹ̀tì jáde ní Jámánì, àwọn ará Rọ́ṣíà sì rántí pé àwọn ní ẹni tó ti sọ irú rẹ̀ ní ogún ọdún ṣáájú. Ní 1932, nígbà tó pé ọdún 75, ìjọba Sófíẹ́ẹ̀tì fún un ní àmì ẹ̀yẹ ńlá. Ní oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1935, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un nítorí jẹjẹrẹ inú ikùn. Ó fi gbogbo ìwé rẹ̀ sílẹ̀ fún ìjọba, ó sì kú ní Kaluga ní ọjọ́ 19 oṣù náà, ọjọ́ méjì lẹ́yìn tó pé ẹni ọdún 78.

Ní ọjọ́ 4, oṣù Kẹwàá, ọdún 1957, ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ọgọ́rùn-ún ọdún ìbí rẹ̀, Sergei Korolev, ẹni tó ti ka ìwé rẹ̀, yin Sputnik lọ sókè. Ní 1961, Yuri Gagarin di ènìyàn àkọ́kọ́ tó lọ sí ojú ọ̀run, ó sì wá sí Kaluga lọ́dún náà láti fi ìpìlẹ̀ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí wọ́n sọ ní orúkọ olùkọ́ náà lélẹ̀. Irú rọ́kẹ́ẹ̀tì tó ń já ara rẹ̀ sílẹ̀ ní ìpele ìpele yìí náà ló gbé sátẹ́láìtì NigeriaSat-1 lọ sókè láti Plesetsk ní Rọ́ṣíà ní ọjọ́ 27, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2003.

Àtifò ti di ṣíṣe. Àtigbé ibẹ̀ ló kù. Ní ọdún 1972 sí 1973, àwọn ará Rọ́ṣíà ti ènìyàn mẹ́ta mọ́ inú ilé kan tí wọ́n dí pa ní Krasnoyarsk, tí wọ́n ń pè ní BIOS-3, fún ọjọ́ 180. Ewéko ló ń sọ afẹ́fẹ́ wọn dọ̀tun, wọ́n sì gbin àlìkámà àti ẹ̀fọ́, síbẹ̀ láti ìta ni ẹran wọn ti ń wá. Ní 1991, ènìyàn mẹ́jọ wọ ilé onígíláàsì ńlá kan ní Arizona ní Amẹ́ríkà, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Biosphere 2, fún ọdún méjì. Ebi pa wọ́n, wọ́n sì rù. Àwọn kòkòrò tí ojú kò lè rí nínú ilẹ̀ oko wọn ń jẹ ọ́síjìn ju bí ewéko ṣe ń mú un jáde lọ, títí wọ́n fi ní láti fa ọ́síjìn wọlé fún wọn láti ìta ní 1993. Kó tó dìgbà náà ni wọ́n ti pín sí ẹgbẹ́ méjì, mẹ́rin sí mẹ́rin, tí wọn kì í fẹ́ bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ní Moscow, láti 2010 sí 2011, ọkùnrin mẹ́fà gbé inú ilé tí wọ́n tì pa fún ọjọ́ 520, bí ẹni ń lọ sí Máàsì tó sì ń bọ̀. Kò sí ìjà, ṣùgbọ́n oorun dàrú mọ́ àwọn kan nínú wọn lójú.

Máàsì gan-an yóò le jù bẹ́ẹ̀. Nígbà tó bá sún mọ́ ayé jù lọ, ó ṣì jìnnà tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 55 kìlómítà. Ìrìn àjò ibẹ̀ tó oṣù mẹ́fà sí mẹ́sàn-án. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ fẹ́lẹ́ gan-an, kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ti ayé, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gáàsì kábọ́ọ̀nù nìkan. Òtútù ibẹ̀ máa ń mú omi dì. Ẹni tó bá ń ṣàìsàn níbẹ̀, tó sì ránṣẹ́ sí dókítà ní ayé, lè dúró fún ohun tó lé ní ogójì ìṣẹ́jú kó tó gbọ́ èsì. Ẹ̀rọ kékeré kan tí àwọn ará Amẹ́ríkà gbé lọ síbẹ̀ fa ọ́síjìn jáde láti inú afẹ́fẹ́ Máàsì láàárín 2021 àti 2023. Gbogbo ohun tó rí kó jọ jẹ́ gíráàmù 122, kò sì tó ohun tí ènìyàn kan yóò mí fún wákàtí mẹ́rin.

Iṣẹ́ tí olùkọ́ Kaluga bẹ̀rẹ̀ kò tíì parí, nítorí náà. Àwọn tó ń ṣe é lónìí ti gba ìṣirò rẹ̀, wọ́n ti gba ilé onígíláàsì rẹ̀ àti ilẹ̀kùn méjì rẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá jókòó láti kọ orúkọ àwọn tí yóò kọ́kọ́ lọ, ìwé ìdánwò dókítà ni wọn yóò kọ́kọ́ wò, wọn yóò wo ojú, wọn yóò sì wo etí. Ní ẹ̀yìn òṣùpá, ní apá tí ojú ènìyàn kì í rí láti ayé, kòtò ńlá kan wà tí ọkọ̀ Luna 3 yà ní fọ́tò ní oṣù Kẹwàá, ọdún 1959. Tsiolkovsky ni wọ́n sọ orúkọ rẹ̀. Bí àwọn tó ń lọ bá kọjá níbẹ̀, kí wọ́n rántí pé etí ẹni tó lórúkọ náà kò gbọ́ràn.